Ìkíni Tó Ń Ṣáájú Ẹ̀kọ́

Ara kì í rọ okùn, ara kì í rọ adìyẹ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aráàlú ìpínlẹ̀ California tó bá ti di àárín oṣù kẹjọ ọdún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ jẹ́ 116. Ọ̀nà ìwọlé wọn gbòòrò, owó wọn ò gunpá, kò sì sí àkójọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pọ̀ tó tiwọn. Sáà tuntun ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ ló sì jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti máa ka kọ́ọ̀sì wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó wà nínú wọn. Awakọ̀ tírélà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 18 tó jẹ́ pé òun ni àkọ́kọ́ tó máa wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nínú ìdílé wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá forúkọ sílẹ̀ tán, kí ló máa ń rí lójú fóònù rẹ̀? Nọ́ńbà kọ́ọ̀sì, ọjọ́ tí kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀, iye owó tó jẹ. Níbi tó yẹ kí orúkọ olùkọ́ wà, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré ló máa bá níbẹ̀, Staff, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn ò tíì yan ẹni tó máa kọ́ kíláàsì náà. Ó di ọ̀sẹ̀ kan, ó di méjì, kò gbúròó ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ka àárín ìforúkọsílẹ̀ sí ọjọ́ àkọ́kọ́ sí àsìkò tí iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, torí ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń pinnu, láìsọ fún ẹnì kankan, bóyá ibi tí òun ń lọ yìí gba irú òun.

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kò lè ṣaláìrí ẹni bi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á júwe ọ̀nà fún un. Á pàdé ẹlòmíràn tí òun náà ń wá kíláàsì kiri, wọ́n á sì jọ wá a. Bó bá jókòó tán, á wo iwájú, á wo ẹ̀yìn, á rí i pé òun nìkan kọ́ lòun dàgbà níbẹ̀, òun nìkan kọ́ lẹ̀rù ń bà. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé láti ṣètò ìyẹn. Ogiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti èrò ló ṣe é. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹnì kan ò bá dìídì ṣe é, kò ní ṣe ara rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, àlejò ló ń kọ́kọ́ ké láti ẹnu ọ̀nà pé "Ẹ kúulé o!" kí àwọn onílé tó dáhùn pé "Ẹ káàbọ̀." Ohùn àlejò ló ń ta onílé jí. Àmọ́ ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ohùn tó lè fi ké. Ó lè wọlé, kó yí gbogbo ilé po, kó sì jáde láìjẹ́ pé ẹnì kankan mọ̀ pé ó wá. Àkọsílẹ̀ kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà nìkan ló máa fi hàn pé ẹnì kan kọjá níbí ní aago méjì òru. Onílé ló wá di dandan fún láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó sì sọ ọ́ kí àlejò tó dé ìloro.

Àwọn ará Britain ti bá ọ̀rọ̀ yìí fà á tipẹ́, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé rárá. Ọdún 1969 ni Open University gba ìwé àṣẹ ọba. Nígbà tó di oṣù kìíní 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n lé ní 20,000, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti inú ilé wọn. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbà wọ́n. Ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́ ń gbé ìwé wá bá wọn, ètò ẹ̀kọ́ sì ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n àti rédíò BBC, ọ̀pọ̀ ìgbà ní ìdájí tàbí lóru. Àwọn tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ mọ̀ pé ìwé àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ò lè gbé ẹni tó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn dé èbúté. Wọ́n yan olùkọ́ àti agbaninímọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè tó ń gbé, kó lè ní èèyàn gidi tó mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, Ormond Simpson, tó ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Open University, dán nǹkan kan wò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n kó ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ sínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ jọ, irú bí ibi tí wọ́n kàwé dé, wọ́n sì fi ìṣirò wo bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yege. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pe àwọn èèyàn náà lórí fóònù kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ìṣirò sọ pé ìrètí wọn kéré jù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń gòkè bọ̀. Ìpè náà ò gùn, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lásán ni. Nígbà tí wọ́n fi àwọn tí wọ́n pè wé àwọn tí wọn ò pè, iye àwọn tó dúró nínú ẹ̀kọ́ láàárín àwọn tí wọ́n pè fi nǹkan bí ìdá 4 sí 5 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ.

Èèyàn lè gbọ́ 4 tàbí 5 nínú 100 kó máa rò pé kò tó nǹkan. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 1,000, èèyàn 40 sí 50 nìyẹn, tí wọn ì bá ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò fún wọn ní ìwé tuntun. Wọn ò dín owó fún wọn. Wọn ò mú ìdánwò rọrùn. Ẹnì kan kàn pè wọ́n lórúkọ, ó béèrè àlàáfíà wọn àti bí ìmúrasílẹ̀ ṣe ń lọ, ó sì ní sùúrù gbọ́ èsì.

Bí wọ́n ṣe to ìpè náà tún yẹ fún àròjinlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó ti já fáfá tẹ́lẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ rí: òun ló ń béèrè ìbéèrè, òun ló ń kọ ímeèlì, òun ló ń gba ẹ̀bùn. Simpson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí ìlà náà padà. Ẹni tí kò dá a lójú pé òun tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kí.

Wọn ò ṣì í. Ní ìpínlẹ̀ Washington, Di Xu àti Shanna Jaggars, tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aráàlú ní Yunifásítì Columbia nígbà náà, yẹ àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 40,000 wò, pẹ̀lú kọ́ọ̀sì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000 tí àwọn èèyàn náà kà. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Gbogbo irú akẹ́kọ̀ọ́ pátá ni máàkì wọn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá kúrò nínú kíláàsì ojúkojú bọ́ sí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ àwọn tó fara gbá a jù ni ọkùnrin, àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí, àwọn aláwọ̀ dúdú, àti àwọn tí máàkì wọn ò ga tẹ́lẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín wọn àti àwọn yòókù nínú kíláàsì ojúkojú fẹ̀ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ìyẹn sí ọ̀lẹ. Ẹni tó ti gbọ́ ọ láti kékeré pé ìwé kọ́ ni tirẹ̀, ìtumọ̀ tó máa fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ ọ̀mọ̀wé máa fún un. Ọmọ ọ̀mọ̀wé á ní olùkọ́ ò tíì ráyè. Ẹnì kejì á ní wọn ò retí òun. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan náà ni, àmọ́ ẹnì kan á dúró, ẹnì kejì á yọ kẹ́lẹ́ lọ, olùkọ́ ò sì ní mọ̀ láé pé òun pàdánù ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Harvard àti MIT dá ojú òpó ẹ̀kọ́ edX sílẹ̀ ní 2012, ìrètí pọ̀ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa kárí ayé. Ó kárí ayé lóòótọ́. Ní 2019, Justin Reich àti José Ruipérez-Valiente tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science lórí àwọn kọ́ọ̀sì tí ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì gbé síbẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní 2017 sí 2018, ìdá 3.13 péré nínú 100 ló parí. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn wá wo bó ṣe rí ni, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ láàárín àwọn tó sanwó láti gba ìwé ẹ̀rí pàápàá, àwọn tó parí ò tó ìdajì. Fídíò àwọn kọ́ọ̀sì náà dára, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun tó ṣòro ni pé kí olùkọ́ kan tó ń kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà mọ ẹni tó dé àti ẹni tí kò dé.

Ọ̀kan lára àwọn tó fi ọ̀rọ̀ ìkíni yìí ṣe iṣẹ́ gidi ni Michelle Pacansky-Brock, olùkọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà tó kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aráàlú California, tó sì wá di ẹni tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n á fi máa kọ́ni bí èèyàn níwájú ẹ̀rọ. Ó ṣàkíyèsí pé ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí látọ̀dọ̀ olùkọ́ ni sílábọ́ọ̀sì, sílábọ́ọ̀sì ọ̀hún sì dà bí ìwé àdéhùn tí lọ́yà kọ: ojú ewé bí mẹ́wàá, òfin lórí òfin, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé ojú fóònù ò gbà á. Ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ ni ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó pè ní liquid syllabus.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, torí ẹni tí kò tíì mọ bó ṣe máa wọ ojú òpó kíláàsì ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ó bá ìwọ̀n ojú fóònù mu. Fídíò olùkọ́ ló wà lókè pátápátá, kúkúrú, láìsí ariwo orin: ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ ìdí tó fi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ó ní inú òun dùn pé ẹ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ń jáde ní kíkọ sílẹ̀ nísàlẹ̀ fídíò, kí adití lè kà á, kí ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì láìsí ohun ìtẹ̀bọ-etí lè kà á náà. Lábẹ́ fídíò ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa retí lọ́wọ́ olùkọ́, àti ohun tí olùkọ́ ń retí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà ní gbólóhùn kúkúrú kúkúrú. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló tẹ̀ lé e: kí lo máa kọ́kọ́ ṣe, ibo lo máa tẹ̀, wákàtí mélòó ló máa gbà ọ́. Òfin àti ètò máàkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nísàlẹ̀, níbi tí ẹni tó bá ti fara balẹ̀ máa kà á dé.

Wọ́n á fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ kan kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé tán, ó máa bá fọ́ọ̀mù kékeré kan tí olùkọ́ nìkan ló máa rí èsì rẹ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́? Báwo ni kíláàsì yìí ṣe rí lára rẹ báyìí? Kí lo rò pé ó lè dí ọ lọ́wọ́ jù? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló ń mú òótọ́ jáde. Ibẹ̀ ni ẹnì kan á ti kọ ọ́ pé òun àti ọmọ òun méjì ló ń lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé ìṣirò ti fìdí òun janlẹ̀ rí, ẹ̀rù ṣì ń ba òun. Olùkọ́ tó bá ka èsì wọ̀nyí kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí ti mọ ohun tí olùkọ́ mìíràn ò ní mọ̀ títí ìdánwò á fi dé.

Pacansky-Brock tún ní ohun kan tó ń pè ní wisdom wall. Nígbà tí sáà bá ń parí lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ á gba ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀. Ẹni tuntun á wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí òun náà ti bẹ̀rù rí, pé ọ̀sẹ̀ kẹta le díẹ̀, pé kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀ di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, pé olùkọ́ yìí ń dáhùn tí èèyàn bá béèrè. Olùkọ́ lè sọ gbogbo ìyẹn fúnra rẹ̀, àmọ́ etí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì tó ohun tí wọ́n sọ. Ní 2011, Richard Harnish àti Robert Bridges tẹ ìwádìí jáde lórí sílábọ́ọ̀sì méjì tí àṣẹ inú wọn dọ́gba, tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló yàtọ̀. Nínú ọ̀kan, olùkọ́ ní tí akẹ́kọ̀ọ́ bá nílò láti kàn sí òun, ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Nínú èkejì, ó ní inú òun á dùn kí wọ́n kàn sí òun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ka èyí tó yá mọ́ni sọ pé olùkọ́ náà lọ́yàyà, ó ṣeé sún mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń wù ú ṣe. Wọ́n tún rò pé kọ́ọ̀sì náà ò le tó ti ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ kọ́ọ̀sì kan náà ni.

Lẹ́tà ìkíni tó dáa kì í gùn. Tí olùkọ́ ìṣirò kan bá ń kọ ọ́ ní Yorùbá, ó lè lọ báyìí:

"Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni mo máa kọ́ yín ní Ìṣirò ní sáà yìí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo ti ṣí kíláàsì sílẹ̀ lónìí kí ẹ lè wò ó. Kò sí wákàtí kan pàtó tí ẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ lè kàwé lóru tàbí ní àárọ̀ kùtù, kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣáà ti wọlé kó tó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìwé tí a máa lò kò gba owó lọ́wọ́ yín. Tí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ṣe ìṣirò kẹ́yìn, ẹ má ṣèyọnu, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ la fi máa rán ara wa létí. Nọ́ńbà tí ẹ fi lè tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi nìyí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí: ẹ fi èsì lẹ́tà yìí ránṣẹ́, kí ẹ sọ orúkọ tí ẹ fẹ́ kí n máa pè yín."

Ohun kan ṣoṣo ni lẹ́tà náà ní kí wọ́n ṣe. Olùkọ́ tó bá to iṣẹ́ mẹ́jọ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ ti lé ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹni tó bá sì ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà ti là láàárín òun àti olùkọ́; bí nǹkan bá wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò ní í jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kọ̀wé sí i.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà gbọ̀ngbọ̀n, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú ní Houston, ní Maryland, ní California, tí wọ́n ń fi òru kàwé. Orúkọ dé inú ìwé olùkọ́ láìní àmì ohùn, láìní àmì abẹ́ lẹ́tà. Ọlásúnkànmí di ohun tí ahọ́n ń fẹsẹ̀ kọ, olùkọ́ á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì béèrè bóyá òun lè máa pè é ní Ola. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tiẹ̀ máa ń gé e fúnra wọn kí olùkọ́ tó béèrè. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè sàn ju ti ojúkojú lọ bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń lo ètò bíi NameCoach, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè fi ohùn ara rẹ̀ gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí olùkọ́ gbọ́ ọ kó sì tún un gbọ́. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ ẹ̀dá èdè, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ti ṣe YorubaName.com, níbi tí orúkọ Yorùbá wà pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ kan kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ti sọ ohun tí lẹ́tà gígùn ò lè sọ.

Àwọn kan á ní ọ̀yàyà yìí ti pọ̀ jù, pé àgbàlagbà ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n yéé gbé wọn jó bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ò ṣeé gbé sọnù. Ní 1975, Judith Kleinfeld tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn olùkọ́ ní Alaska tó ń kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ tó wá láti abúlé sí ilé ẹ̀kọ́ ìlú. Ó rí àwọn olùkọ́ tí wọ́n le koko láìní ọ̀yàyà, àwọn ọmọ náà sì panu mọ́. Ó rí àwọn tó láàánú tí wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ, àwọn ọmọ náà ò sì kọ́ ohun tó pọ̀. Àwọn tó ṣàṣeyọrí ni àwọn tó kọ́kọ́ fa ọmọ mọ́ra, tí wọ́n wá ń béèrè iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn ò sì gba ṣákálá. Àwọn òbí Yorùbá ò ní ṣe háà sí èyí. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ìkíni tó ṣáájú ẹ̀kọ́ ló ń fún olùkọ́ lẹ́nu láti béèrè ohun tó le ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì gbà pé ìkórìíra ni.

Nàìjíríà náà ní ìtàn tirẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ àtòkèèrè. Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ni látòkèèrè láti 1974. Ọdún 1983, nígbà ìjọba Ṣàgàrí, ni wọ́n dá National Open University sílẹ̀, ìjọba ológun sì dá a dúró ní 1984. Ìjọba Ọbásanjọ́ ló jí i dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún yìí. Nígbà tí Ọbásanjọ́ fipò ààrẹ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìsìn Kírísítẹ́nì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, lẹ́yìn tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ní Nàìjíríà, kí ìkíni tó débi ọ̀yàyà, ó gbọ́dọ̀ gba ibi iná àti dátà kọjá. Fídíò ìkíni oníṣẹ́jú mẹ́wàá, owó ló ń jẹ lórí fóònù akẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìgbà, orí WhatsApp ni ìkíni gidi ti ń wáyé: akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mọ̀nà á ṣí gúrúùpù, àwọn yòókù á máa fa ara wọn wọlé, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè ọjọ́ tí asáínmẹ́ǹtì máa parí àti ibi tí wọ́n á ti ṣe ìdánwò. Olùkọ́ Amẹ́ríkà lè kọ́ nǹkan níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì á fi lẹ́tà ìkíni ránṣẹ́ sí ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ò tíì ṣí rí, á sì gbà pé òun ti kí i. Ibi tí èèyàn wà ni wọ́n ti ń kí i. Lẹ́tà kan náà tí wọ́n bá tẹ̀ sí fóònù rẹ̀ á bá a níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Láti 2021, ìṣòro tuntun ti wọ iṣẹ́ yìí ní California. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń fi orúkọ èké tàbí orúkọ tí wọ́n jí forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aráàlú, kí wọ́n lè gba owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń yàn torí kò sẹ́ni tó máa rí ojú wọn. Ní 2021, àwọn aláṣẹ ètò kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sọ pé bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn fọ́ọ̀mù tó ń wọlé nígbà náà ló ní èrú nínú. Kíláàsì á kún fún àwọn tí kò sí, akẹ́kọ̀ọ́ gidi á sì rí i pé àyè ò sí fún òun.

Nítorí èyí, lẹ́tà ìkíni ti ń di àyẹ̀wò. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ yọ orúkọ ẹni tí kò kópa kúrò kí ọjọ́ tí ìjọba ń ka akẹ́kọ̀ọ́ tó pé. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń tijú àti ẹni tí kò sí jọ ara wọn lójú kọ̀ǹpútà: àwọn méjèèjì ò sọ̀rọ̀. Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá dún bí ìbéèrè ọlọ́pàá, ẹni gidi tó ń tijú ló máa kọ́kọ́ sá, torí gbájú-ẹ̀ ò ní ìtìjú, ó sì lè ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ èsì tó dán. Ìpè fóònù bíi ti Open University tún wúlò níbí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn balẹ̀ ni yóò fi hàn pẹ̀lú pé èèyàn ló wà nídìí orúkọ.

Ta ló máa wá pe fóònù náà? Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì aráàlú ní Amẹ́ríkà ni wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ kíkún. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà wọ́n fún, ẹlòmíràn ń sáré láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sí òmíràn nínú ọkọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn wọn ò sì ní í mọ kíláàsì tí wọ́n máa kọ́ títí á fi ku ọjọ́ díẹ̀. Owó wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ya fídíò, tó kọ lẹ́tà, tó pe akẹ́kọ̀ọ́ 35 ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọ̀fẹ́ ló ṣe é, nínú àsìkò tó yẹ kó fi wà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì yẹ ká yìn wọ́n, àmọ́ ètò tó gbára lé inú rere ẹni tí wọn ò sanwó fún kò lè pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Owó tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá san fún iṣẹ́ yìí kò ní ṣòfò. Simpson ti ṣe ìṣirò rẹ̀ fún Open University: owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró ń mú wọlé ju owó tí wọ́n ná lórí ìpè lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá fẹ́ kí ìkíni wà á kọ́kọ́ yan olùkọ́ ní bí oṣù kan ṣáájú, kí orúkọ èèyàn lè rọ́pò Staff. Á ṣí ojú òpó kíláàsì sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Á kọ wákàtí ìkíni sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, pẹ̀lú iye tó máa san fún un, fún olùkọ́ kíkún àti fún ẹni tó wá kọ́ kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Á sì fún olùkọ́ ní orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn lásìkò, kó lè bẹ̀rẹ̀ ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì dáhùn lẹ́tà.